Mo Padà Sórí Pápá Họ́kì Lẹ́ni Àádọ́rin Ọdún

Àkànní, ìwọ tá a jọ gbá họ́kì nígbà èwe nìkan ni mo lè sọ àlá àárọ̀ yìí fún. Ẹgbẹ́ wa àtijọ́ ló wá bẹ̀ mí nílé pé kí n padà wá gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Èmi, ẹni àádọ́rin ọdún! Mo buwọ́ lùwé kíá, ọ̀pá tí mo fi ń rìn sì di ọ̀pá họ́kì lọ́wọ́ mi.

Bí bọ́ọ̀lù ṣe dé iwájú mi, ọmọkùnrin kan sáré bọ̀ láti gbà á, ló bá rí ewú orí mi, ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàárọ̀, sà." Ta ló fẹ́ já nǹkan gbà lọ́wọ́ àgbà? Gbogbo wọn ló nà sórí koríko, mò ń rìn jẹ́jẹ́ láàárín wọn, mò ń béèrè àlàáfíà bàbá wọn. Aṣọ́lé kúrò lẹ́nu àwọ̀n, ó gbé àga fún mi. Mo rọra fi ọ̀pá ti bọ́ọ̀lù wọlé. Àwọn èrò ìwòran ń pariwo pé ẹsẹ̀ mi ṣì yá bíi ti àtijọ́. Mo gbà wọ́n gbọ́.

Àfi bí ẹgbẹ́ kejì ṣe gbé ògbóǹtarìgì tiwọn náà wọlé: Bọ̀ọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi, tó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ó wò mí, ó ní, "Wálé, ṣé o ò rí mi ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò lè dìde mọ́.

Ìyàwó mi ló ṣí kọ́tìnnì: "Bàbá Kẹ́mi, ta lẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì?"