Gílóòbù Orí Ibùsùn Ìyá Adìyẹ

Ẹgbẹ̀rún méjì adìyẹ ló wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Adìyẹ. Àwàdà ni lẹ́nu àwọn tó ń pè é. Lọ́kàn tirẹ̀, ọgbẹ́ ni, nítorí ó ti lo ọdún mọ́kànlá nílé ọkọ láìbímọ.

Ìmọ́lẹ̀ ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Adìyẹ tí kò bá rí ìmọ́lẹ̀ tó a dín yíyé kù. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń tan gílóòbù fún wọn, ẹyin a sì kún abọ́. Ó ń fojú ara rẹ̀ rí i lójoojúmọ́, ta ló fẹ́ bá a jiyàn?

Ní ọdún karùn-ún ìgbéyàwó, ó rò ó títí, ó ní ohun tó ń mú adìyẹ yé, kí ló dé tí kò ní mú obìnrin lóyún? Ó ra gílóòbù ńlá, irú ti ilé adìyẹ gan-an, ó fi í sókè ibùsùn, kò sì pa á mọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́! Ọkọ rẹ̀, télọ̀ tí ojú rẹ̀ kì í sinmi látàárọ̀, fi fìlà bojú, ó fi ìrọ̀rí bojú, kò rí oorun sùn. Nígbà tó yá, ó kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sórí àga pálọ̀.

"Ìyàwó mi," ló wí, "èmi kì í ṣe adìyẹ o."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ọkọ ṣì ń yọjú sí i ní yàrá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Lẹ́yìn ọdún méjì, kò yọjú mọ́.

Láàárọ̀ òní, dókítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ bi í bó ṣe ń sùn. Ó ròyìn gílóòbù náà, kódà ó fi yangàn díẹ̀. Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Mà, ara wa ò rí bíi ti adìyẹ. Òkùnkùn lara wa fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Àwọn olùwádìí ń sọ pé iná tó ń tàn sí obìnrin lójú oorun lè da nǹkan oṣù àti ẹyin inú ẹ̀ rú. Mi ò lè búra pé òun ló fa tiyín."

"Tí mo bá pa á lónìí ńkọ́?"

"Ẹ pa á. Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín, mà, ẹyin tó kù nínú yín ò tó nǹkan mọ́."

Ó sunkún délé. Ó gun orí ibùsùn, ó tú gílóòbù náà. Ó jó o lọ́wọ́, kò jù ú sílẹ̀. Ó gbé e wá bá ọkọ rẹ̀ nídìí máṣíìnì ní pálọ̀.

"Mo ti tú u. Ẹ máa bọ̀ ní yàrá."

Ọkọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, ó wo gílóòbù náà, ó wo àga rẹ̀.

"Ó ti pẹ́ jù, ìyàwó mi. Àga yìí ti mọ́ mi lára."

Ìbínú kankan kò sí lóhùn rẹ̀, ìyẹn ló sì dun ìyàwó jù. Máṣíìnì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ibi tó dúró sí yẹn ló ti rántí ohun tó ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: nínú gbogbo ẹgbẹ̀rún méjì adìyẹ yẹn, kò sí àkùkọ kan ṣoṣo. Jíjẹ ni ẹyin wọn wà fún. Kò sí èyí tó pa di ọmọ rí.