Ìlà Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí

Sàláúdéènì ló kọ́kọ́ fa ìlà funfun síbi ìgbọ́kọ̀sí ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ní Race Course, nígbà ayé Alhaji tó ni ilẹ̀. Ó fà á lọ́nà pé bí àwọn tí kò ráyè wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀ bá tò lé e lórí, ojú wọn yóò kọ sí Gábàsì gan-an.

Nígbà tí ọ̀dà ṣá, Mahfuz ọmọ Alhaji ní kó yí ìlà náà padà, kí mọ́tò lè pọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù òun.

“Àwọn tó ń kírun níta ńkọ́?”

“Bàbá, mọ́tò ni wọ́n ń fa ìlà fún. Ẹ ṣáà bá mi kùn ún.”

Ó kùn ún, ó sì kọ ojú ìlà náà sí ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tó di Jímọ̀, wọ́n kó mọ́tò kúrò, èrò sì tò sórí ìlà bí ìṣe wọn. Sàláúdéènì ń di èjìká wọn mú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí wọn sí Gábàsì. Ó kan Mahfuz níwájú, ó ti dijú, ó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gbọnin.

Sàláúdéènì ká ọwọ́ kò. Ìyẹn ti rí ohun tó ń forí balẹ̀ fún.