Ìdérí Ìkòkò Ilé Ìyàndá

Inú bí mi lọ́jọ́ náà, mi ò sì ní purọ́ pé kò bí mi.

Mò ń se ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí Ìdòwú, ọmọ yunifásítì tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa, wá tọrọ iyọ̀. Ó kàn pariwo ni.

"Màmá! Kímbálì lẹ fi dé ìkòkò yìí! Irú èyí tí mo máa ń lù mọ́ ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì! Ògbólógbòó sì ni."

"Ìdérí ni," mo dá a lóhùn. "Àtìgbà tí bàbá mi ti kú la ti ń lò ó. Ihò àárín rẹ̀ yẹn, oru ló ń gbà á jáde."

Ó yí i padà. Ẹnìkan ti fi nǹkan ha àgbélébùú sí inú rẹ̀.

Fawziyah, ìyàwó àbúrò mi, lanu. "Háà! Àgbélébùú, nílé Alájì? Ẹ̀gbọ́n, àbí ṣọ́ọ̀ṣì ni Bàbá ti lọ jí i gbé?"

Ẹ gbọ́ o! Bàbá mi, Ìyàndá, tí kọ́kọ́rọ́ mọ́sáláásí wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi kú! Mo ní bó bá tún sọ bẹ́ẹ̀, inú ìkòkò ẹ̀wà yẹn lèmi àti ẹ̀ jọ máa wọ̀. Àmọ́ ká sòótọ́, Bàbá ò sọ ibi tó ti rí i fún wa rí.

"Gbé e, Ìdòwú. A máa mọ ibi tó ti wá lónìí."

Kẹ̀kẹ́ gbé wa dé ọ̀dọ̀ Bàbá Elijah, àgbà onílù ṣọ́ọ̀ṣì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi. Mo kúnlẹ̀, mo gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀, mo sì sọ ohun tí Fawziyah sọ. Wọ́n fọwọ́ pa àgbélébùú yẹn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi ń wúkọ́.

"Àwáwù, lọ sọ fún ìyàwó yín pé èmi ni olè!"

Mo ní kí wọ́n ṣàlàyé.

"Kí wọ́n tó bí ọ, ẹgbẹ́ olórin kan ló tú ká l'Óṣogbo, ni bàbá rẹ bá rà á lọ́wọ́ wọn, kó lè máa fi jí àwọn èèyàn sààrì. Mo yá a nígbà Kérésì. Ohùn rẹ̀ dùn mọ́ mi débi pé mi ò fẹ́ dá a padà mọ́. Mo bá fi ìṣó ya àgbélébùú sí i, mo ní ti ṣọ́ọ̀ṣì ni."

"Kí ni bàbá mi wá ṣe?"

"Ó wò ó títí, ó ní, 'Kò burú, Elijah. Ó ti ṣèrìbọmi. Ṣùgbọ́n á máa gbààwẹ̀ o.' Nígbà náà, bí Kérésì bá dé, á wá sọ́dọ̀ mi. Bí ààwẹ̀ bá dé, á padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ rí i."

Ìdòwú fọ̀ ọ́ títí èédú fi ṣí. Òṣùpá àti ìràwọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó wọ́ játijàti, pẹ̀lú orúkọ bàbá mi. Mo bú sẹ́kún, mo sì tún ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a délé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún Fawziyah, mo sì ní kí òun fúnra rẹ̀ lù ú kí gbogbo agbolé gbọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nítorí ìtìjú, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ó sì lù ú.

Ìdòwú rọra ní ṣé òun lè yá a lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ tú àpò rẹ̀ wò bóyá ìṣó wà níbẹ̀.