Ta Ló Ń Kànkùn Lábẹ́ Ilẹ̀?

Gbì.

Abẹ́ ilẹ̀ ni ìró náà ti wá, lábẹ́ ẹní gan-an. Hàfísátù, ìyá Sùwéébátù, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ń já ẹ̀fọ́ lọ, ó sì dáhùn bí ìyàwó rere:

"Mo gbọ́, Bàbá Sùwé. Ẹ jẹ́ n já ẹ̀fọ́ yìí tán."

Ọ̀sán gangan ni o, síbẹ̀ gbogbo irun ara Sùwéébátù ọmọ rẹ̀ ló dìde. Bàbá tí wọ́n ń dá lóhùn ti kú láti ọdún mẹ́fà. Inú yàrá yìí náà ni wọ́n sin ín sí, l'Òkè-Àró níbí. Àwọn oníṣẹ́ pákó ń daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí pákó rà, ni wọ́n bá la ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n fi bo sàréè. Ìyá ní ilẹ̀kùn yẹn ni ọkọ òun ń kàn.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé mi. Ilé yìí ò dáa mọ́."

"Kí n fi bàbá ẹ sílẹ̀ fún ta? Ìwọ tó o kọ ọkọ tìẹ tìtorí ẹran inú ọbẹ̀, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi nílé ọkọ?"

Sùwéébátù sọ̀kalẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Yanrìn tí àgbàrá bá wọ́ wálẹ̀ ló ń kó jọ nísàlẹ̀ òkè, tó ń tà fáwọn tó ń kọ́lé. Láyé àtijọ́, òjò a máa rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní bí ọdún mélòó kan sí ìsinsìnyí, ooru á mú títí ilẹ̀ á fi lanu, òjò á wá dà lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí dúrọ́ọ̀mù bá dojú dé. Odò kékeré ẹ̀yìnkùlé Ìyá ti di ọ̀gbun. Rédíò ní ooru ayé ló fà á. Ó ní lókè òkun pàápàá, yìnyín orí òkè ńláńlá ń yọ́, odò sì ń ru òkúta àti ẹrẹ̀ ibẹ̀ wálẹ̀. Sùwéébátù rẹ́rìn-ín: yìnyín wo ló wà l'Òkè-Àró ju ti inú kúlà oní-píọ̀-wọ́tà lọ? Yanrìn ṣáà ń pọ̀ sí i, òun náà ń dúpẹ́.

Àfi lọ́jọ́ Àlàmísì. Òjò dá tán, ó ki ṣọ́bìrì bọ yanrìn, ó dún gbì. Ó fọwọ́ wa ibẹ̀. Pákó ni, tó ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Ó nù ún, ó rí LÁSÚN. Lásúnkànmí, orúkọ bàbá rẹ̀, ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi bo sàréè.

Ó gbé pákó lé orí, ó sáré gun òkè. Àgbàrá ti wọ́ ẹ̀yìnkùlé lọ. Ìdajì yàrá Ìyá dúró lórí afẹ́fẹ́. Lábẹ́ sìmẹ́ńtì tí Ìyá tẹ́ ẹní lé, ihò dúdú ló wà níbẹ̀, amọ̀ sì ń já bọ́ sínú rẹ̀: gbì.

Bó bá ní àgbàrá ń jẹ ilẹ̀, Ìyá kò ní dìde. Ó wọlé, ó gbé pákó náà lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Ìyá, Bàbá ti kó jáde."

Ìyá fọwọ́ tọ àwọn lẹ́tà náà. "Ta ló wá ń kànkùn?"

Ilẹ̀ dún lábẹ́ wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìyá kò dáhùn. Ó mú búta àlùwàlá, ó ká ẹní ìkírun rẹ̀.

"Níbo ló kó lọ?"

Sùwéébátù rántí yanrìn tí òjò ìṣáájú ti wọ́ wálẹ̀ láti abẹ́ yàrá yìí. Gbémiga, onílé tuntun tó ti Èkó dé, ló rà á, tó fi rẹ́ ògiri. Bó bá sọ ọ́, ta ni yóò tún ra yanrìn rẹ̀? Ó sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Gbémiga wà lórí àga níwájú ilé rẹ̀, ó ń ka Bíbélì. Ìyá kọjá lára rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú ògiri.

"Bàbá Sùwé, ẹ kú ilé tuntun."

"Ìyá oníyanrìn," Gbémiga bi Sùwéébátù, "ta ni Màmá ń kí?"

Kó tó dáhùn, ariwo ńlá sọ lókè. Ilẹ̀ mì. Eruku pupa gòkè níbi tí ilé Ìyá wà. Ìyá kò wẹ̀yìn. Ó fi etí lé ògiri náà, ó tẹ́tí títí.

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀," ó ní. "Ó ti sùn."

Gbémiga pa Bíbélì dé, ó dìde, ó rọra fa àga rẹ̀ kúrò lára ògiri. Sùwéébátù gba àga náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún ìyá rẹ̀ kó jókòó.