Abẹ́rẹ́ Kejì

Onílé yí ojú kúrò lára ṣíbí. Bàbá oníaago gbé ṣíbí náà tẹ̀ lé e. Onílé tún yí ojú sí ògiri.

"Ṣáà tọ́ ọ wò," ni bàbá náà wí. "Mi ò ní kí o gbé e mì."

Orí ìkúnlẹ̀ ló wà nílẹ̀ ilé ìdáná láti aago méje àárọ̀. Orúnkún ti ń ro ó. Ó ti gbé ẹja inú agolo kaná díẹ̀ kó lè máa ta sánsán, nítorí dókítà ẹranko ní kó jẹ́ kí oúnjẹ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ti fi díẹ̀ ra Onílé ológbò lẹ́sẹ̀ iwájú, pé bóyá yóò lá a. Kò lá a. Ó na ẹsẹ̀ náà síwájú bí ẹni tí wọ́n wọ bàtà ẹlẹ́yà fún.

Lánàá, Onílé tọ́ omi ẹran wò lẹ́ẹ̀mẹta. Kò pẹ́ tó fi bì í sórí ẹní. Látìgbà náà ló ti di ẹnu pa.

Ọdún mọ́kànlá ni bàbá àti àbúrò rẹ̀ ti ń bá ológbò yìí gbé. Òun ni wọ́n bá níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kó dé. Ó jókòó sójú fèrèsé, ó ń wo ẹrù wọn bó ṣe ń wọlé, bí ẹni tó fẹ́ béèrè ẹni tó rán wọn wá. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Onílé, wọ́n sì gbà pé ayálégbé ni àwọn. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n. Bàbá ń tún aago ṣe nínú yàrá iwájú, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti lọ sílé ọkọ.

Ní ọdún tó kọjá ni àtọ̀gbẹ mú Onílé. Abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Àbúrò ló ń gún un. Ọwọ́ tó gba ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún, kí ni awọ ọrùn ológbò jẹ́ fún un?

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ìjà dé. Bàbá rí i bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń gbé sírínjì sún mọ́ ojú, tó tún ń gbé e jìnnà. Ó ní ojú rẹ̀ kò rí ìlà mọ́, kó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kó tó fi pa ẹran. Bó bá dúró níbẹ̀, ì bá sàn. Ó tún fi kún un pé ó dáa tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn aboyún bọ́. Ẹyin lohùn, èyí fọ́ sílẹ̀ ilé ìdáná, kò ṣeé kó. Àbúrò fọ ọwọ́, ó nù ún, ó sì yan odì.

Odì ilé yẹn kì í ṣe odì àìsọ̀rọ̀ rárá. Ológbò ni wọ́n ń bá sọ ọ́.

"Onílé, bá mi sọ fún wọn pé oúnjẹ wà lórí tábìlì."

"Onílé, sọ fún un pé mo gbọ́."

Onílé á wo ẹni tó sọ̀rọ̀, á wo ẹni tí wọ́n ń bá wí, á sì máa lá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ìránṣẹ́ tí kì í lanu ni, síbẹ̀ gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń dé ibi tó ń lọ.

Àfi ti àárọ̀ Sátidé.

Lọ́jọ́ náà, bàbá jí, kò bá àbúrò rẹ̀ nílé. Ó ti lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣàìsàn. Aago méje kọjá. Àwo Onílé mọ́ fóo. Bàbá kò mọ̀ bóyá ológbò náà ti jẹun tó sì ti lá àwo, tàbí kò tíì jẹ rárá. Fóònù wà lápò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ pe ẹnìkejì ló jẹ̀bi. Láti kékeré ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Onílé, ṣé wọ́n ti gún ẹ?"

Onílé yán.

Bàbá gbà pé wọn ò tíì gún un. Ó bu oúnjẹ sí i, Onílé jẹ ìdajì. Ó fi awò kékeré tó fi ń wo inú aago sójú, ó fa oògùn dé ìlà kejì gẹ́lẹ́. Kò lé, kò dín. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó ní bó ṣe yẹ kí wọ́n máa fà á nìyẹn.

Àbúrò rẹ̀ ti gún un ní aago mẹ́fà àbọ̀.

Kó tó di aago mẹ́sàn-án, Onílé ń ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n bí ọ̀mùtí. Kò pẹ́, ó ṣubú, kò sì lè dìde. Ibi tí bàbá dúró sí, tó ń wò ó, ni àbúrò rẹ̀ wọlé bá a. Ó ti ìka bọ oyin, ó fi ra èrìgì ológbò náà, ó fi tówẹ̀lì wé e, ó jáde. Bàbá ń sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú báàgì àbúrò lọ́wọ́.

Dókítà ẹranko fa omi ṣúgà sí Onílé lára, ó sì jí padà. Ìgbà náà ni dókítà wá béèrè iye oògùn tí wọ́n fún un. Agbẹ̀bí ní ìlà méjì. Dókítà bi í bóyá ó dá a lójú. Àbúrò wo ọwọ́ rẹ̀.

"Kò dá mi lójú mọ́," ló wí. "Ojú mi ni."

Bàbá wà níbẹ̀. Ó di báàgì mú. Ó ń wo aago ara ògiri dókítà, tó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin wà lẹ́yìn. Ó la ẹnu, ó sì pa á dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyí. Dókítà ti ní kí wọ́n dá abẹ́rẹ́ dúró títí Onílé yóò fi jẹun. Ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láràárọ̀. Ó ní bí nǹkan kan kò bá wọ inú rẹ̀ kí ó tó di aago mẹ́rin ọ̀sán òní, kí wọ́n gbé e wá, òun yóò ti rọ́bà oúnjẹ bọ̀ ọ́ nímú. Ó ní àgbàlagbà ni ológbò náà, òun kò lè ṣèlérí pé ara rẹ̀ yóò gbà á.

Àbúrò kò fọwọ́ kan Onílé láti Sátidé. Ó fi ìwé ìròyìn wé páálí sírínjì, ó gbé e sórí tábìlì bàbá, sáàárín àwọn aago tó ti kú. Ó gbé e kalẹ̀, ó lọ.

Aago mẹ́wàá lù. Nínú ilé oníaago, kì í lù lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan á lù, òmíràn á tẹ̀ lé e, gbogbo wọn á sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn wọn ni fóònù dún nínú yàrá àbúrò. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tì. Bàbá mọ ẹni tó ń pè. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àbúrò máa ń lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lópin òpópónà láti bá wọn gún àwọn ìkókó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lónìí, kò tíì wọṣọ.

"Ẹ wá ẹlòmíràn," ni bàbá gbọ́ tó ń sọ. "Rárá, ara mi le. Ọwọ́ mi ni kò ṣeé fọkàn tán mọ́."

Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó wo Onílé. Onílé ń wo ògiri.

"Onílé," ló wí, "sọ fún un pé…"

Eyín ológbò náà ti wà níta díẹ̀, etí rẹ̀ ti tutù. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń rán aláìsàn. Ó di etí tábìlì mú, ó dìde. Orúnkún rẹ̀ ké. Ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà àbúrò rẹ̀.

"Àbúrò."

Àbúrò gbé ojú sókè. Ó di ọjọ́ mẹ́rìnlá tí bàbá ti pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

"Èmi náà gún un," ni bàbá wí. "Lọ́jọ́ Sátidé. Mo rò pé o ò tíì gún un."

Ohùn nọ́ọ̀sì ni àbúrò fi dá a lóhùn.

"Aago mélòó?"

"Méje kọjá."

"Ìlà mélòó?"

"Méjì. Mo wọ̀n ọ́n dáadáa."

"Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa." Ó ká aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀, ó tún tú u. "Ẹ sì dúró lọ́dọ̀ dókítà, ẹ gbọ́ ohun tí mo wí."

"Mo gbọ́."

"Ọjọ́ mẹ́ta, Bọ̀dá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wo ọwọ́ mi bí ọwọ́ apànìyàn. Ẹ ò lè pè mí láàárọ̀ ọjọ́ náà?"

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ pè…"

"Ẹni àádọ́rin ọdún ni yín."

"Mọ́kànléláàádọ́rin."

"Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi fi kún un."

Kò sọ pé òun dárí jì í. Kò sì sọ pé òun kò dárí jì í. Ó ní kó pe dókítà báyìí, lójú òun. Bàbá pè é, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Ojú tì í, ó sì sọ ọ́ tán. Dókítà kò bá a wí. Ó ní ó dáa tó sọ ọ́, torí òun ti ń gbèrò àtidín oògùn náà kù títí ayé, èyí tí ì bá sì pa ológbò náà lára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aago mẹ́rin ṣì wà bó ṣe wà.

Àbúrò ti wà nídìí omi kí bàbá tó gbé fóònù sílẹ̀. Ó ń fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, bó ṣe máa ń fọ̀ ọ́ nígbà tí aboyún bá ń rọbí. Ó wọ ilé ìdáná. Ó fimú fa afẹ́fẹ́.

"Ta ló kó odindi agolo ẹja síwájú aláìsàn?"

"Dókítà ní kó máa ta sánsán."

"Ó ti ta sánsán dé títì. Ẹ tún fi ra á lẹ́sẹ̀?"

Àbúrò ní kí wọ́n kó ẹja náà jáde pátápátá. Ó ní òun ti tọ́jú obìnrin tí oyún ń mú èébì gbé ju iye tí òun lè kà lọ, òórùn ọbẹ̀ nìkan tó láti mú wọn bì. Onílé fẹ́ jẹun. Oúnjẹ ló ń lé e. Bàbá ṣí fèrèsé, ó fọ ilẹ̀. Àbúrò fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ẹsẹ̀ ológbò náà, ìka kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó ní kí àwọn fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì gbáko.

Wọ́n fi í sílẹ̀. Bàbá jókòó ti tábìlì rẹ̀, kò tún aago kankan ṣe.

Ní aago kan, àbúrò bọ àyà adìyẹ, kò fi iyọ̀ sí i. Ó jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù. Ó ya fọ́nrán kan, tínínrín bí okùn ìránṣọ, ó fi sí àtẹ́lẹwọ́. Ó jókòó sílẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí Onílé, ó sì na ọwọ́ náà sẹ́yìn bí ẹni tó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

"Ẹ má wò ó lójú," ló wí. "A kì í wo ẹni tí èébì ń gbé lẹ́nu."

Bàbá fi igun ojú wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Aago kan àbọ̀ lù. Àbúrò kò gbé ọwọ́ kúrò. Aago méjì lù, gbogbo wọn, títí kan èyí tó ń pẹ́. Onílé yí orí kúrò lára ògiri.

"Kí ló ń ṣe?" ni àbúrò béèrè, kò wẹ̀yìn.

"Ó ń gbóòórùn ọwọ́ rẹ."

"Mo mọ ahọ́n rẹ̀ lára. Ó ń lá a?"

"Ó ń lá a."

"Ó gbé e mì?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀. Ó rí ọ̀fun ológbò náà tó lọ sókè, tó sọ̀ kalẹ̀. "Ó gbé e mì."

Fọ́nrán márùn-ún péré ló jẹ. Àbúrò kò jẹ́ kó jẹ ìkẹfà. Wọ́n wá jókòó, ọ̀kan lápá ọ̀tún ilé ìdáná, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n ń dúró de èébì. Nígbà kan Onílé na ọrùn, bàbá fẹ́ dìde. Ikọ́ lásán ni. Aago mẹ́rin lù. Èébì kò dé.

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀," ni àbúrò wí, "ẹ máa sìn mí dé ilé ìwòsàn yẹn. Ẹ fẹnu ara yín sọ fún wọn pé ọwọ́ mi kò ṣe nǹkan kan."

"Màá lọ."

"Ẹ wọ aṣọ tó dáa."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, dókítà ní kí wọ́n padà sí abẹ́rẹ́, kí wọ́n fi ìlà kan bẹ̀rẹ̀. Onílé ti jẹ ìdajì àwo. Bàbá tú ìwé ìròyìn kúrò lára páálí, ó gbé páálí fún àbúrò rẹ̀. Àbúrò yọ sírínjì, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó tún gbé e jìnnà. Bàbá wo ibòmíràn.

"Bọ̀dá, ẹ yá mi ní awò yín."

Bàbá bọ́ ọ lọ́rùn, ó fún un. Àbúrò fi awò sójú, ó fa oògùn náà, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ìka méjì gbé awọ ọrùn Onílé sókè.

"Mo fẹ́ gún un o," ló wí.

Ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

"Mo gbọ́," ni bàbá wí.

Onílé wo àwọn méjèèjì. Nígbà tó rí i pé wọn kò rán òun níṣẹ́, ó padà sídìí àwo rẹ̀.