Ìkíni Àsàbí àti Lẹ́tà Gúsáù

Lánàá, oorun ọ̀sán gbé mi lọ lórí ẹní, mo bá lá àlá kan tí n kò lè dá mú mọ́ra. Ẹ sún mọ́bí, ẹ gbọ́.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé Gúsáù ni Baba Móbọ́láńlé, ọkọ wa, ti ń ṣiṣẹ́. Oṣù kẹta rèé tí n kò rí lẹ́tà wọn gbà, bẹ́ẹ̀ Àsàbí, ìyàwó kékeré, ń gba tirẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín kà á lẹ́yìnkùlé. Àwọn àgbà ní obìnrin tí kò bá ní orogún, a kì í mọ àrùn rẹ̀. Tèmi ti hàn. Owú yìí ta mí ju ata lọ. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, bí Àsàbí bá kúnlẹ̀ kí mi, òkè àjà ni mò ń wò.

Lójú àlá, mo gbéra, ó di ọ́fíìsì tó ń gbèjà àwọn oníbàárà posọ́fíìsì. Ọ́fíìsì náà léfòó lókè odò, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi ọsàn kó má baà ṣí lọ. Mo di okùn mú, mo gòkè. Kò tiẹ̀ jọ mí lójú.

Lẹ́nu ọ̀nà, sítáǹpù kan kúnlẹ̀. “Ẹ káàsán, mà.” Ohùn Àsàbí gan-an ni. Mo wo òkè àjà. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹrù náà kí mi, mo wo òkè àjà. Nígbà tí n ó fi bojú wolẹ̀, ọ́fíìsì ti di ilé ìdáná mi, ọ̀gá kan tó so táì sì jókòó sórí odó.

“Ọ̀gá, mo wá gba ẹ̀tọ́ mi. Oníbàárà ni mí, ìyálé sì ni mí. Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ rí lẹ́tà gbà?”

“Ẹ̀tọ́ yín pé, Ìyá Móbọ́láńlé. Lẹ́tà yín rèé. Ṣùgbọ́n a kì í fi lẹ́tà lé ẹni tí kò dáhùn ìkíni lọ́wọ́. Ẹ dá sítáǹpù lóhùn.”

“Kí n dá ta lóhùn? Àgbẹdọ̀!”

Irùngbọ̀n ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ìwo yọ lórí rẹ̀, ó di òbúkọ. Mo ní kó rọra, kó má ba táì jẹ́. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lẹ́tà mi díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ojú mi.

“Ẹ káàsán, mà,” sítáǹpù tún wí.

Mo pariwo pé, “Òo! Káàsán o!”

Ariwo yẹn ló jí mi. Àsàbí wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó la ẹnu sílẹ̀.

“Ìyálé mi, ẹ mà ti dá mi lóhùn!” Ó fa lẹ́tà kan yọ. “Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti gba tiyín wá láti posọ́fíìsì. Ẹ ò dáhùn ìkíni, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀? Ojoojúmọ́ ni mò ń mú un wá. Níjẹta, níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, ewúrẹ́ yín já igun rẹ̀ jẹ.”

Mo já lẹ́tà náà, mo kà á: “Ìyàwó mi àgbà, ìwọ ni mo kọ́kọ́ kọ èyí sí. Mò ń bọ̀ wálé lọ́jọ́...” Ibi tí ọjọ́ wà gan-an ni ewúrẹ́ jẹ.

Mo wo lẹ́tà ti Àsàbí tó fi há ìdí ìró. Igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé. Owú tún gún mi.

“Àsàbí,” mo ní, “dìde, wá jókòó. Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ sínú tìẹ?”