Àparò Inú Koríko Bódìjà

Láti ìgbà tí ojú bàbá mi ti fọ́ pátápátá ni oúnjẹ ti di ìjà láàárín àwa méjèèjì. Bí mo bá gbé e wá, wọ́n á ní kí n gbé e padà. Bí mo bá fajú ro, wọ́n á bu òkèlè kan ṣoṣo, wọ́n á ní àwọn ti yó. Ọdẹ tó ń rin igbó Ṣakí láti àárọ̀ dalẹ́, tí àwọn ẹyẹ igbó mọ ìró ẹsẹ̀ wọn, ló wá di ẹni tí ń kọjú sí ògiri ilé mi ní Agbowó. Mo pariwo títí, mo bẹ̀bẹ̀ títí. Pásítọ̀ wá gbàdúrà. Bàbá ṣe àmín tó rinlẹ̀, wọn ò sì jẹun.

"Àtọ́kẹ́," wọ́n ní lọ́jọ́ kan, "ọdẹ tí kò ríran mọ́, kí ló fẹ́ jẹun fún?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Bàbá mi ń kú lọ lójú mi, ebi sì kọ́ ló ń pa wọ́n.

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa ló sọ fún mi pé ọkùnrin kan ń sin ajá tí ń ṣọdẹ ẹyẹ ní Bódìjà, ó sì ń ta àwọn ọmọ wọn. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní mo fẹ́ ra ajá fún Bàbá, wọ́n á ní kí n fowó mi ra iṣu. Mo wá dọ́gbọ́n sí i. Mo ní èmi ni mo fẹ́ ra ajá, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí oníjìbìtì kan má baà gbé ajá ìgboro lé mi lọ́wọ́. Bàbá mi lè kọ oúnjẹ, ṣùgbọ́n wọn ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni rẹ́ ọmọ wọn jẹ nídìí ajá. Wọ́n ní kí n bá àwọn mú fìlà.

Ọlábọ̀dé lorúkọ ẹni tó ń ta ajá náà. Ọ̀dọ́ ni, ó wọ bàtà òjò, koríko ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sì ga dé orúnkún. Mo sọ nínú ara mi pé ẹni tí kò lè ro ẹ̀yìnkùlé, irú ajá wo ló fẹ́ tọ́? Ó kó àwọn ọmọ ajá jáde. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fọwọ́ wo eyín, etí àti àtẹ́lẹsẹ̀. Abo kan wà níbẹ̀, funfun tó ní àmì pupa rúsúrúsú lára. Òun ni wọ́n gbé pẹ́ jù.

"Kí lorúkọ rẹ̀?" wọ́n bi Ọlábọ̀dé.

"Bẹ́là la kọ sínú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀, sà."

Bàbá pòṣé. "Ìyẹn kì í ṣe orúkọ ajá."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tó bá wà lọ́kàn ọdẹ ló fi ń sọ ajá rẹ̀ lórúkọ.

Ọlábọ̀dé ní òun ti fi àparò kan sínú àgò, òun sì ti gbé e pamọ́ sínú koríko, kí a wo ohun tí ajá náà máa ṣe. Mo ranjú títí, mi ò rí àgò, mi ò rí àparò. Ó gbé ajá sílẹ̀. Ajá sáré síbí, ó sáré sọ́hùn-ún. Lójijì ó dúró gbagidi. Ó ká ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ìrù rẹ̀ nà gbọnran, gbogbo ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n.

"Gìrì!" mo kígbe. "Gìrì ti mú un! Ẹ bá mi wá àdí!"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra," Ọlábọ̀dé ní, ó fi ìka sí ètè. "Òórùn ẹyẹ ló gbọ́."

"Ó gbọ́ òórùn ẹyẹ, kò sì lé e?" Bàbá ló bèèrè. "Ọ̀lẹ ajá nìyẹn. Àtọ́kẹ́, jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Kì í ṣe ọ̀lẹ, sà. Bí wọ́n ṣe ń bí wọn nìyẹn. Kò ní lé e. Á dúró síbẹ̀ títí ẹ ó fi dé."

Bàbá mi na ọwọ́ sí mi. "Mú mi débẹ̀."

Wọ́n kúnlẹ̀ sínú koríko. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lé ìdí ìrù ajá náà, wọ́n rọra fọwọ́ bá ẹ̀yìn rẹ̀ lọ dé ọrùn, dé orí, dé ṣóńṣó imú. Ajá kékeré yẹn ò kúrò lójú kan. Ibi tí imú rẹ̀ dojú kọ ni Bàbá na apá sí, tààrà, bí ìgbà tí wọ́n bá na ìbọn.

"Ó wà lọ́hùn-ún," wọ́n ní jẹ́jẹ́.

Wọ́n dìde. Mo fẹ́ di apá wọn mú, wọ́n já a gbà mọ́ mi lọ́wọ́. Bàbá tí mo máa ń fà lọ́wọ́ lọ sí balùwẹ̀ ń dá rìn nínú koríko, wọ́n ń rọra gbé ẹsẹ̀, wọ́n ń rọra sọ ọ́ kalẹ̀, bí mo ṣe ń rí wọn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ya koríko sọ́tùn-ún sósì, ọwọ́ wọn sì bà lé àgò. Àparò ta pàrà nínú rẹ̀.

Orí mi wú. Èmi olójú méjì, mi ò rí ẹyẹ yìí. Ajá ò rí i, Bàbá ò rí i, àwọn méjèèjì ló sì mọ ibi tó wà. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí. Ta ló kọ́ ọmọ ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ní irú nǹkan báyìí? Ọlábọ̀dé tó ń rí wọn lójoojúmọ́ gan-an ti ṣí fìlà rẹ̀ láìmọ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, ajá náà ṣì dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lókè, ó ń retí.

Mo sanwó rẹ̀ láì ná an, èmi tí mo lè ná iyọ̀.

Nínú mọ́tò, ajá sùn lọ sórí itan Bàbá. Wọ́n fọwọ́ lé e lẹ́yìn títí a fi ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà Yunifásítì.

"Àtọ́kẹ́, kí ni Dúródèmí máa jẹ?"

Mo fẹ́ bèèrè ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yé mi pé wọ́n ti sọ ajá lórúkọ.

"Ẹja ṣẹ́kù sílé, sà. Mo lè tẹ ẹ̀bà díẹ̀ sí i."

"Tẹ ẹ́ kó pọ̀," wọ́n ní. "Àwa méjèèjì la máa jẹ ẹ́."